Owó tí ẹ bá ti fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó di tirẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá, bí ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá ní Kubwa, ní Àbújá, ẹ óò rí àwọn ọmọdé tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń ka owó. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wọ aṣọ tuntun, tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń kí àwọn àgbà ní "Barka da Sallah", tí wọ́n sì ń gba goron Sallah, owó kékeré tí àwọn Hausa fi ń yẹ́ ọmọdé sí lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn, ti Mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ilé: "Kó o wá, jẹ́ n bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ní kékeré. Owó náà kì í sábà padà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó, kí n sì máa gbà á padà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe é. Mo máa ń rí àgbàlagbà tó mọ bí a ṣe ń pa owó dáadáa, àmọ́ tí owó kì í sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá jókòó tì wọ́n, tí mo bi wọ́n bí owó ṣe rí nílé tí wọ́n ti dàgbà, ọ̀rọ̀ "jẹ́ n bá ẹ tọ́jú ẹ̀" yìí a máa jẹ yọ. Ohun tó kọ́ ọmọ ni pé owó tí o kò bá tètè ná, ẹni tó jù ẹ́ lọ yóò gbà á. Iléyá tó bá tẹ̀ lé e, ọmọ náà á ti fi gbogbo tirẹ̀ ra fèrè, bàlúùnù àti bisikíìtì kó tó délé. A ó wá ní àpà ni. Kì í ṣe àpà rárá. Ohun tí a fi hàn án ló lò.

Èmi náà ṣe é. Wọ́n fún ọmọbìnrin mi lówó níbi ìkómọ kan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, mo gbà á, mo sì fi ra gáàsì ìdáná lọ́jọ́ tí kò sí owó nílé. Mo ní ìpinnu láti dá a padà. Ọdún kejì ló tó bi mí pé, "Mọ́mì, gáàsì yẹn ti tán, owó mi ńkọ́?" Ó dùn mí dé ọkàn. Mo san án lọ́jọ́ yẹn, mo sì ra ìwé kékeré kan tí a ń kọ gbogbo owó rẹ̀ tó bá wà lọ́wọ́ mi sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, èmi á fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ló mú kó máa kó owó wá fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè.

Owó tí a ń fún ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí. Kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan kan bí kò bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn òbí a máa bi mí pé, "Èló ni ká máa fún un?" N kò lè dá iye kan, torí ohun tí ọmọ Gwarinpa, àdúgbò àwọn tó rí jájẹ, ń rà yàtọ̀ sí ti ọmọ Mararaba, níbi tí mẹ̀kúnnù pọ̀ sí. Ẹ ṣe é báyìí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ gbogbo owó tí ẹ ń yọ fún ọmọ náà sílẹ̀: 200 náírà tó fi ra àwárà, 500 tó fi ra dátà, èyí tí bàbá rẹ̀ fún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ti ọkọ̀ àti ti oúnjẹ ilé ìwé kúrò. Èyí tó kù ni ẹ ti ń ná tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Òun náà ni kí ẹ máa kó fún un lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ kan pàtó, kí ọwọ́ yín sì dá lẹ́yìn náà. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ kan ti jìn jù. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lè di ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ SS lè máa gbà á lóṣooṣù. Ẹ fún àwọn kékeré ní owó wẹ́wẹ́, 100 àti 200, torí 1,000 kan ṣoṣo tí a bá ti ṣẹ́, kì í pẹ́ tán.

Mo ní kí ẹ yọ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kúrò, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ní Àbújá níbí, ọmọ tó bá ti ná owó ọkọ̀ rẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì márosẹ̀, tàbí kó wọ ọkọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí àwọn "one chance", àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò, ń ṣe nínú ìlú yìí. Ojúṣe òbí ni owó ọkọ̀. Ebi náà kì í ṣe ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọ. Owó tí àṣìṣe rẹ̀ kò lè pa ọmọ lára nìkan ni kí ẹ fi sọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán títí yóò fi pé ọdún 15.

Ṣùgbọ́n owó yẹn, ẹ jẹ́ kó tán nígbà tó bá tán. Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fún un lálẹ́ Sunday, ó ra suya fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tó di Ọjọ́rú ó dúró síwájú yín, ojú rẹ̀ sì fà ro. Àwọn kan á bú u. Àwọn kan á fi kún un kí ariwo lè tán. Èyí tó fi kún un yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí ọmọ ti mọ̀ báyìí pé kànga kan wà tí kì í gbẹ. Ẹ sọ fún un ní pẹ̀lẹ́ pé, "Ó ṣe, Sunday ń bọ̀." Kí ẹ má fi ìwàásù kún un. Ọjọ́ mẹ́rin tí yóò fi máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tó. Ẹ bá mi ronú sí i: àwọn oníbàárà mi kan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú 300,000 tí wọ́n yá, tí ìsọ̀ wọn sì kógbá sílé. 600 náírà ni ọmọ yín fi ń kọ́ ọ.

Bó bá bẹ̀ yín kí ẹ yá òun, ẹ lè yá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ yọ ìdajì nínú ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ yọ ìyókù lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ má yá a lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì tán. Òfin kan náà ni mo ń lò fún àwọn ìyá ọlọ́jà.

N kò fara mọ́ sísan owó fún iṣẹ́ ilé. Ilé tí ọmọ ń gbé ló ń gbá.

Ní ti ìfipamọ́, kólò dára fún àwọn kékeré torí etí ọmọ ń gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbé e wò. Àmọ́ ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 ní ìparí ọdún 2022. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún owó àtijọ́, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná an títí di ìparí ọdún. Mo rí ọmọ tó fọ́ kólò rẹ̀ wá sí báǹkì pẹ̀lú omijé. Bí owó bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ ṣí àkáǹtì fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òbí ló ń fọwọ́ sí i fún un, wọn yóò sì béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti BVN tiyín, nọ́ńbà tí báǹkì fi ń dá yín mọ̀. Bí alájọ bá ń wá sọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó tì yín, kó rí i pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ ń mú, kó sì bi yín ní ìdí rẹ̀. Àwọn Hausa tó yí wa ká náà ń dá adashi, tí wọ́n ń kó o fún ara wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ SS lè dá irú rẹ̀ láàárín ara wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Òfin kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 láyè, síbẹ̀ wọ́n ń fi fóònù ẹni ẹlẹ́ni ta á. Bí owó bá ń tán tí ẹ kò rí dátà, tí ẹ kò rí oúnjẹ, tí ẹ kò sì rí nǹkan kan tó rà, ẹ pè é jókòó lóun nìkan. Kí ẹ má gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Owó yìí kò lè dúró lójú kan. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, epo tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 ní Àbújá di 537 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Ọmọ tó ń ra dátà fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó kọ ohun tó ń rà àti iye rẹ̀ wá, kó sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin. Bí owó bá wà, ẹ fi kún un. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún un pé kò sí, kí ẹ sì sọ ìdí. Ọmọ ọdún 14 lè gbọ́ ọ pé owó oṣù bàbá òun kò tíì wọlé.