Ejò Wọlé: Ẹ Má Jẹ́ Kó Bọ́ Mọ́ Yín Lójú

Òru ni wọ́n sábà máa ń pè mí pé kí n wá bá wọn mú ejò. Ẹni tó pè á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ejò má baà gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í: "Ṣé ẹ ṣì ń rí i?" Ọ̀rọ̀ bó ṣe gùn tó àti irú àwọ̀ tó ní lè dúró. Bó bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, òun nìyẹn lábẹ́ àga," ọkàn mi á balẹ̀. Bó bá ní, "Ibí yìí ló wà báyìí-báyìí, mo kàn yíjú ni," mo mọ̀ pé ilẹ̀ lè mọ́ bá mi níbẹ̀.

Ilé méjì kan wà tí mo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní ti àkọ́kọ́, bàbá ilé rí ejò nílé ìdáná, ó sì fa igi yọ. Igi bà á lẹ́yìn, kò pa á, ejò sì sá gba ẹ̀yìn fìríìjì. Bàbá fa fìríìjì síta, kò rí nǹkan kan. Wọ́n ti da kẹrosíìnì sílẹ̀ kí n tó débẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ìyàwó àtàwọn ọmọ sì ti wọnú ọkọ̀ lọ jókòó. Mo tú àpótí, mo tú abẹ́ ibi ìfọwọ́, mo yọjú wo gbogbo ihò tí páìpù gbà. Ó tó wákàtí mẹ́rin kó tó wá sí mi lọ́kàn láti tanná sínú ìdí fìríìjì fúnra rẹ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, nítorí pé ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ló ká sí bí òṣùká, ó ti orí bọ abẹ́ ara rẹ̀, ibi tí igi ti bó o lára sì ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí bàbá ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá fìríìjì náà mọ́ra láti fà á, ọwọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ejò rárá.

Ní ilé kejì, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ ló rí i. Ó rán àbúrò rẹ̀ sí ìyá wọn, òun dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò sì gbójú kúrò títí mo fi dé. Ó kí mi, ó ní, "Inú bàtà búlúù yẹn ló wà o, sà. Ìrù rẹ̀ ló yọ síta yẹn." Mo fi irin gígùn ti bàtà náà sínú àpótí tòun ti ejò, mo sì pa á dé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ejò tí ẹ ń wò, tí ẹ sì jìnnà sí, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Èyí tí ẹ kò mọ ibi tó wọ̀ ni yóò bá yín nínú bàtà lọ́la. Gbogbo ohun tí mò ń sọ fáwọn èèyàn lórí fóònù kò ju ká má jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lójú lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ dúró gbọn-in ná. Kí ẹ wá máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà sí i tó mítà mẹ́ta. Ejò tó fẹ́ ṣán èèyàn kì í sábà lè na ara rẹ̀ ju ìdajì gígùn rẹ̀ lọ, mítà mẹ́ta sì fún yín ní àyè dáadáa. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀. Ẹ mú ajá náà kúrò, torí ajá kì í dúró wò, ṣe ló máa ń kì í mọ́lẹ̀. Ẹ ti àwọn ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé lọ, kí ẹ sì ki aṣọ tó nípọn sábẹ́ wọn. Bí ilẹ̀kùn kan bá já síta, ẹ ṣí i gbayawu, kí ẹ má sì dúró sójú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ejò tó bá ara rẹ̀ láàárín èèyàn kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn ju bí yóò ṣe jáde lọ. Mo ti dé ilé tó jẹ́ pé ọpẹ́ nìkan ló kù tí wọ́n ní fún mi, ejò ti bá tirẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ pé inú ihò ilé ìgbẹ́ olómi ni ẹ ti rí i, ẹ de ìdérí, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e, ẹ jáde, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ wá mú un, ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni kí ẹ ti yà á. Àwòrán lẹ ó fẹ̀ lójú fóònù, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Omi gbígbóná, kẹrosíìnì àti oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fín sí i, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń lé e wọ ihò tí ẹ kò ti ní í rí i mọ́. Ní ti pípa á, mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń mú igi báni, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí igi tó ba ejò, ó di dandan kí ẹ sún mọ́ ọn, àkókò yẹn gan-an ló sì máa ń ṣáni. Àní bí ẹ bá tiẹ̀ gé e lórí, orí náà ṣì lè bu èèyàn jẹ fún bíi wákàtí kan, oró inú rẹ̀ kò sì kú. Ẹ má fọwọ́ kan òkú ejò.

Irú ejò tó wà láyé sún mọ́ 4,000. Nǹkan bíi 600 lára wọn ló ní oró, àwọn bíi 200 péré ló sì lè pa èèyàn tàbí sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń kó jáde nínú ilé kò lè pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó jókòó máa dá wọn mọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Karl Schmidt. Amòye ni nínú ìmọ̀ ejò ní ìlú Chicago, ọ̀kan lára àwọn tí gbogbo ayé ń wárí fún nídìí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, wọ́n gbé ọmọ ejò kan wá fún un kó bá wọn mọ irú èyí tó jẹ́. Ejò náà kò gùn tó mítà kan. Ó bù ú jẹ lọ́wọ́. Schmidt rò pé ejò kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè pa èèyàn, ó lọ sílé, ó ń kọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é sílẹ̀, kò lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì ló kú. Irú ejò tí wọ́n ń pè ní boomslang ni. Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí ni mi kì í ti í fọwọ́ lásán gbé ejò kankan, bó ti wù kó kéré tó. Ọjọ́ tí ejò olóró bá jáde nínú ẹyin ni oró ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó bu ẹnì kan jẹ ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ejò ń bu èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.4 jẹ lọ́dọọdún, àti pé àwọn tó ń kú níbẹ̀ wà láàárín 81,000 sí 138,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ gbé onítọ̀hún jìnnà sí ejò náà, ẹ mú un jókòó tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, aago àti bàtà, kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi igi tàbí páálí líle ti apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má baà máa mì, nítorí bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni oró ń rìn. Ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí ọ̀nà bá wà láti gbé e. Ẹ wo aago, ẹ kọ àkókò tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì forí lé ilé ìwòsàn.

Ẹ má fi abẹ gé ojú ibi tí ejò ti bù ú jẹ. Ẹ má fẹnu fa oró. Ẹ má fi okùn dì í pinpin. Mo ti rí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúdú láti orúnkún wálẹ̀, okùn ló ṣe é tó bẹ́ẹ̀, oró ejò kọ́. Ẹ má gbé yìnyín lé e, ẹ má sì fún un ní ọtí. Kò sídìí fún yín láti lọ lé ejò náà kiri kí ẹ lè gbé e dání fún dókítà, torí ẹni kejì ló máa ń gba ibẹ̀ fara pa. Bí ẹ bá ti ní fọ́tò rẹ̀, ó tó. Bí ẹ kò bá ní, dókítà á ti ara ohun tó ń ṣe aláìsàn mọ ohun tó kàn.

Ẹni tí ejò bù jẹ, tí kò sì sí ohun tó ń ṣe é, òun náà gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Àwọn ejò kan wà ní Éṣíà tó ń bu èèyàn jẹ lójú oorun láìdùn ún, tí ìpéǹpéjú ẹni náà á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nígbà tó bá yá, tí mímí á sì di ìṣòro. Ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, nítorí pé ó lè bínú sí ara ẹlòmíràn gan-an. Bó bá jẹ́ sèbé tó ń tutọ́ ló tu oró síni lójú, ẹ máa da omi tó mọ́ sí ojú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ra á, kí ẹ sì wá dókítà.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ohun tó gbé e wá. Kò sí ejò tó ń wá èèyàn wá sílé. Eku ló ń wá, tàbí ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ omi tó ń jò, tàbí ọmọńlé tó ń ṣọdẹ kòkòrò nídìí iná. Ìdílé kan pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Wọ́n ti gbà pé àwọn ẹbí èyí tí a kọ́kọ́ mú ló ń wá gbẹ̀san. Ejò kì í gbẹ̀san, kò mọ̀ pé ẹnì kan mú èkejì òun. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Àpò oúnjẹ ajá wà níbẹ̀ tí eku ti dá lu nísàlẹ̀, ìgbẹ́ eku sì tẹ́ bẹẹrẹ láti ìdí àpò dé ìdí ògiri. Wọ́n da oúnjẹ náà sínú ike olómorí, wọ́n kó páálí jáde, wọ́n dí ihò. Wọn kò tún pè mí mọ́.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa kàfúrà àti imí ọjọ́. Mi ò rí èyí tó ń lé ejò nínú wọn. Mo ti bá ejò tó sùn ti kàfúrà gbalaja rí, bẹ́ẹ̀ ọmọdé tó bá gbé kàfúrà mì lè ṣàìsàn gidi. Ẹ fi owó yẹn ra àwọ̀n onírin.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ejò. Ihò tó ju mìlímítà 6 lọ ti tó fún ọmọ ejò. Ẹ kan rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fi àwọ̀n onírin bo ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀gbẹ́ àwọn páìpù. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó bá ti kan òrùlé, torí ejò mọ igi gùn dáadáa. Igi ìdáná, bíríkì àti páànù àlòkù, ẹ má kó wọn ti ògiri ilé. Lálẹ́, ẹ má ṣe máa rìn láìtan tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ má sì sùn sórí ilẹ̀ bí ẹ bá ní ibùsùn. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ki etí rẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù yí ká máa ń dá ejò náà dúró.

Kí n tó kúrò nílé tí mo ti mú ejò, mo máa ń ní kí wọ́n pa gbogbo iná. Ẹnì kan á gbé tọ́ọ̀ṣì lọ síta, á máa tàn án sí ìdí ilẹ̀kùn, sí ẹsẹ̀ ògiri, sí ẹnu páìpù. Àwa tó wà nínú ilé á dojú bolẹ̀ nínú òkùnkùn, a ó máa wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ wọlé, a ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Nílé ọmọbìnrin oníbàtà búlúù yẹn, ìyá rẹ̀ ló tan tọ́ọ̀ṣì níta, èmi àti ọmọ la wà nílẹ̀. Ibi mẹ́ta la sàmì sí. Mo ti ń dìde nígbà tó fà mí láṣọ, tó nawọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ páìpù. Èmi kò rí i.