Ṣé ìfẹ́ ni Gatsby ní sí Daisy?

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2025, ìwé The Great Gatsby tí F. Scott Fitzgerald kọ pé 100 ọdún. Wọ́n tan iná aláwọ̀ ewé sórí Empire State Building ní New York, ariwo ìtàn ìfẹ́ sì gba ìgboro kan. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán wá ń béèrè pé: ìfẹ́ wo?

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà?

Ọdún 1917 ni Gatsby, ọmọ ogun tí kò ní kọ́bọ̀, pàdé Daisy, ọmọ olówó, ní Louisville. Ogun gbé e lọ sókè òkun. Kó tó padà, Daisy ti lọ sílé ọkọ, ó ti fẹ́ Tom Buchanan. Gatsby wá owó lọ́nà ẹ̀bùrú, ó ra ilé ńlá kan sí òdìkejì omi tó dojú kọ ilé Daisy, ó ń se àríyá, ó ń retí pé lálẹ́ ọjọ́ kan, Daisy á yà wọlé.

Iná aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́?

Iná èbúté ilé Daisy ni. Gatsby a máa na ọwọ́ sí i láti òdìkejì omi lóru.

Ṣé Daisy fẹ́ràn rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ló dé tí ìyẹn ò tó o?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìwé yìí kà. Ní òtẹ́ẹ̀lì Plaza, lọ́jọ́ kan tí ooru mú gan-an, Gatsby kò kàn ní kí Daisy tẹ̀ lé òun. Ó fẹ́ kó sọ lójú Tom pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Daisy gbìyànjú, ó tiẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ kò lè dúró lé e. Ó ní ohun tí Gatsby ń béèrè ti pọ̀ jù: òun fẹ́ràn rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n òun ti fẹ́ràn Tom náà rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Òótọ́ ni Daisy sọ. Ó ti bímọ fún Tom. Lọ́jọ́ tí Gatsby rí ọmọ náà, ńṣe ló ń wò ó tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí kò gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ kan wà. Fún ọdún márùn-ún ló ti ń fi kún Daisy inú ọkàn rẹ̀ lójoojúmọ́. Daisy ẹlẹ́ran ara kò lè bá a dọ́gba. Nick tó ń sọ ìtàn náà kìlọ̀ fún un pé àná kì í padà. Gatsby ní yóò padà dandan.

Ṣé Daisy ló jẹ̀bi?

Òun ló wa mọ́tò tó pa Myrtle, àlè Tom. Gatsby ló gbé ẹ̀bi náà rù, ọkọ Myrtle sì yìnbọn pa Gatsby. Daisy kò fi òdòdó kan ránṣẹ́ síbi ìsìnkú. Mi ò ní gbèjà rẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé kò jọ àwòrán tí ẹlòmíì yà nípa rẹ̀.

Mo ń dúró de ẹnì kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ béèrè bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ báyìí: iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ìbànújẹ́ rẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ń bí yín nínú, ẹni àtijọ́ lẹ ń dúró dè.

Kí ni kí n bẹ̀rù?

Kì í ṣe pé kó kọ̀ yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kó gbà, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, kẹ́ ẹ ṣì máa wá a. Lọ́jọ́ tí Daisy fi apá kọ́ apá Gatsby nínú ilé rẹ̀, Gatsby ń sọ fún un nípa iná náà lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, iná èbúté lásán ni.