Ìbọ̀wọ́ VR kò lè jẹ́ kí korobá omi wúwo lọ́wọ́ yín

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ìgbàlódé: pé tí èèyàn bá ti gbé awò VR sójú, ìyẹn awò tó ń fi ayé inú kọ̀ǹpútà han ojú bíi pé èèyàn wà nínú rẹ̀, tó sì wọ ìbọ̀wọ́ haptic, ìyẹn ìbọ̀wọ́ tó ń jẹ́ kí ọwọ́ rò pé òun ń kan nǹkan, gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa fọwọ́ kàn bíi pé ó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n nínú ìbọ̀wọ́ náà ni kò tíì pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ to ẹgbẹ̀rún ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ kan, korobá omi tí ẹ bá gbé nínú VR kò ní wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ara awọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi ẹ̀yà ìmọ̀lára mẹ́rin ló pín iṣẹ́ ìfọwọ́kàn ṣe lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́, orúkọ àwọn onímọ̀ tó ṣàlàyé wọn ni wọ́n sì ń jẹ́. Merkel ló ń mọ bí nǹkan ṣe tẹ awọ àti ibi tí etí rẹ̀ mọ. Meissner ló ń ta wá lólobó nígbà tí ife bá fẹ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Ruffini ń mọ̀ tí awọ bá ń fà. Pacini ló ni gbígbọ̀n, pàápàá èyí tó yára tó ìgbà 200 sí 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sàkáání ibẹ̀ náà sì ni ẹ́ńjìnnì inú fóònù àti inú ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ VR ti ń gbọ̀n, nítorí náà Pacini ló ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí agbo dùndún tí gúdúgúdú nìkan ń dún ló rí: ìlù ń dún lóòótọ́, ìyáàlù tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ tẹ́ fóònù sórí àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kó wà lórí gbígbọ̀n, ẹ dijú, kí ẹnì kan wá pè yín. Ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí ojú ibi tí gbígbọ̀n náà ti ń wá. Kò ní ṣeé ṣe dáadáa. Ó ti ràn ká gbogbo ọwọ́, ó ti dé ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹni yẹn fi ẹnu bírò kan ìka yín díẹ̀. Kíá lẹ máa mọ ojú ibẹ̀, nítorí ṣóńṣó ìka lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú méjì tí kò jìnnà síra ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Ẹ̀yìn ò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ojú méjì tí kò bá fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 jìnnà síra, ọ̀kan ṣoṣo ló máa kà wọ́n sí. Ìdí rèé tí ẹ̀wù haptic fi ń tẹ́ àwọn tó ń fi géèmù ṣeré lọ́rùn, tí ìbọ̀wọ́ sì ń já wọn kulẹ̀. Ẹ̀yìn kò béèrè ohun púpọ̀.

Ooru àti òtútù tún ní ọ̀nà tiwọn. Ṣíbí irin àti ọmọrogùn tó wà nínú yàrá kan náà láti àná, bákan náà ni wọ́n tutù tó, síbẹ̀ ti irin ló máa tutù lọ́wọ́, torí pé ó ń yára fa ooru kúrò lára ìka. Kò sí gbígbọ̀n tó lè sọ ìyẹn fún awọ.

Ibi ìwúwo ni àṣìṣe náà ti pọ̀ jù. Korobá tí omi lítà 10 wà nínú rẹ̀ ń fa ọwọ́ sílẹ̀ ní kílò 10, ká má tíì ka korobá fúnra rẹ̀. Awọ nìkan kọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Iṣan apá, oríkèé ìgúnpá àti èjìká wà níbẹ̀. Kí ọwọ́ tó gbà pé nǹkan wúwo, ohun kan gbọ́dọ̀ máa fà á sílẹ̀, ohun tó ń fà á náà sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ síbòmíràn tí kì í ṣe ara ọwọ́ yẹn. Ara ọwọ́ yín gan-an ni ìbọ̀wọ́ rọ̀ mọ́. Bó bá fa ìka, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa fi ṣe òpó. Ó dà bí ẹni tó jókòó sínú mọ́tò tó kú, tó ń ti dáṣíbọ́ọ̀dù: á làágùn, mọ́tò ò ní sún.

Ohun tí ìbọ̀wọ́ tó dáa lè ṣe ni pé kó di ìka mú kó má lè pa dé. Okùn tín-ín-rín á gba ẹ̀yìn ìka kọjá, bíréèkì kékeré á dì í mú, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹyin lẹ mú dání, kì í ṣe àgbọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ náà lu tábìlì inú VR, ó máa là á kọjá ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí tábìlì dá ọwọ́ dúró, àfi kó so ẹ̀rọ mọ́ tábìlì gidi tàbí mọ́ ilẹ̀. Ohun tí Thomas Massie àti Kenneth Salisbury ṣe ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, nìyẹn pẹ̀lú PHANToM tí wọ́n kọ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1994: apá rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó jókòó sórí tábìlì, tí èèyàn ń ki ìka kan ṣoṣo bọ. Ẹ̀rọ tó jọ ọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín kan fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ eyín lónìí, kí wọ́n tó dé ẹnu aláìsàn.

Síso ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ nìkan kò sì tó. Àwòrán 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ti tẹ́ ojú lọ́rùn, kò tẹ́ ọwọ́ lọ́rùn. Ká ní ìka ń lọ ní sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kọ̀ǹpútà sì ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà 90: ìka lè ti wọnú ògiri ní mìlímítà 2 kí kọ̀ǹpútà tó mọ̀. Ìgbà yẹn lá fi gbogbo agbára tì í jáde. Ìka á fò sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà á ṣì máa ti ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ìka á tún padà wá. Ògiri á wá máa gbọ̀n lábẹ́ ìka bíi jẹnẹrétọ̀ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò nígbà 1000, tí àlàfo náà á fi dín kù sí mìlímítà 0.2. Bí kọ̀ǹpútà yín ò bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹ dín líle ògiri kù. Ògiri rírọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ sàn ju ògiri kọnkéré tó ń gbọ̀n lọ.

Báwo wá ni àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí ṣe ń rí i ṣe? Ẹ̀tàn ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ní University of North Carolina, Frederick Brooks àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yàrá VR kan tó ní kòtò jíjìn láàárín, wọ́n wá tẹ́ pákó gidi tí gíga rẹ̀ kò ju íǹṣì kan àbọ̀ lọ sílẹ̀ níbi tí ojú ti ń rí etí kòtò náà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2002, ọkàn àwọn tí ẹsẹ̀ wọn tẹ pákó yẹn lù kìkì ju ti ìgbà tí pákó ò sí lọ. Ní Seattle, Hunter Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 1997 pé àwọn jẹ́ kí aláìsàn kan tó ń bẹ̀rù aláǹtakùn fọwọ́ kan aláǹtakùn onírun tí ọmọdé fi ń ṣeré, nígbà tí ojú rẹ̀ ń rí ti VR. Kò sí ìbọ̀wọ́ olówó ńlá kankan níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì ilé yín, ẹ fi téèpù wọn gíga rẹ̀, ká ní sẹ̀ǹtímítà 75. Ẹ gbé ohun ìdarí ọwọ́ VR sí igun kan, kí ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí VR náà kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún gbé e sí igun kejì. Igun kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí ètò mọ ibi tí tábìlì kọjú sí. Ẹ rántí yọ gíga ohun ìdarí fúnra rẹ̀ kúrò, torí inú rẹ̀ ni ojú tí ètò ń kà wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: tábìlì inú VR á ga ju ti gidi lọ, ìka á rì wọnú rẹ̀ kó tó kan igi. Ti ìsàlẹ̀ ju gidi lọ tún burú sí i lójú tèmi, nítorí ìka á kọ lu nǹkan líle nínú òfìfo. Ẹ tan iná yàrá dáadáa. Kámẹ́rà ara awò kì í rí ọ̀nà nínú òkùnkùn tàbí níwájú ògiri funfun tí kò ní àmì kankan. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ti sún tábìlì, ẹ tún un wọ̀n.

Ìwúwo náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, irú èyí tí Anatole Lécuyer ti ń ṣèwádìí lé lórí ní Faransé láti nǹkan bí ọdún 2000. Bí ọwọ́ gidi bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ inú àwòrán gòkè ní 7 péré. Èèyàn á fi kún agbára tó ń lò láìmọ̀, ọpọlọ á sì kà á sí pé nǹkan náà wúwo. Ẹ má sọ ọ́ di 3: ojú á rí i pé ọwọ́ tó ń wò kì í ṣe tòun mọ́, ẹ̀tàn tú nìyẹn.

Kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́, ẹ bi olùtajà bóyá ó lè dá ìka dúró tàbí gbígbọ̀n nìkan ló mọ̀, kí ẹ sì bèèrè ohun tó so ó mọ́lẹ̀. Tó bá ní gbígbọ̀n ni, tí kò sì so mọ́ ibì kankan, irú ẹ́ńjìnnì yẹn ti wà nínú fóònù tó wà lápò yín.