Ìgbà Tí Ìfìdírẹmi Di Ohun Tó Lérè

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Pittsburgh. Tí ó bá pe Kàbbà lálẹ́ Sunday, kì í ju "Òkun o, Bàbá" lọ kí ó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Penguins, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ìlú tó wà. Sidney Crosby tó jẹ́ balógun wọn, 1987 ni wọ́n bí i. Evgeni Malkin fi ọdún kan jù ú lọ. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Kris Letang wà nínú àwọn tó gba ife Stanley, ife tó ga jù nínú líìgì wọn, ní 2009, 2016 àti 2017. Láti 2007 títí dé 2022, kò sí ọdún kan tí ẹgbẹ́ náà kò wọ ìdíje àṣekágbá, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa máa ń gbá ní ìparí sáà láti du ife náà. Ní 2023, ilẹ̀kùn tì mọ́ wọn. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti ń wí pé kí wọ́n ta àwọn àgbà náà, kí wọ́n tú ilé náà palẹ̀, kí wọ́n fi ọmọ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀. Èmi a máa ní kó ṣe sùúrù. Ẹni tí irun tirẹ̀ ti funfun kò lè yá lára láti dá sí i pé kí wọ́n lé àgbà.

Họ́kì tí mo mọ̀ kò ju èyí tí a ń fi igi gbá lórí koríko nílé ìwé lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ kajú. Oko kajú tí bàbá wa fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìyàrà ti gbó, ó ń so, àmọ́ kò so bíi ti àtijọ́. Àbúrò mi ní kí a bẹ́ gbogbo rẹ̀, kí a gbin tuntun. Tí a bá bẹ́ ẹ, ọdún bíi mẹ́ta ni a ó fi máa wo ewé lásán, kò sì sí ẹni tó máa fún wa ní kọ́bọ̀ nítorí pé oko wa kò so. Ibẹ̀ gan-an ni họ́kì ti yà kúrò lọ́nà oko. Nínú líìgì NHL ti Kánádà àti Amẹ́ríkà, ẹni tí oko rẹ̀ kò so ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ní irúgbìn tó dára jù, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ òṣèré tuntun. Ìlànà yẹn ló bí ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí, pé ṣé kí ẹgbẹ́ tú ilé palẹ̀ ni àbí kó di àwọn àgbà rẹ̀ mú, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n gbé ìlànà náà kalẹ̀.

Montreal ni wọ́n ti dá NHL sílẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1917. Láti 1942 títí di 1967, ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀: Montreal, Toronto, Boston, New York, Chicago àti Detroit. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó máa mọ̀ọ́mọ̀ tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká, torí kò sí ohun tó máa rí gbà. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ọ̀dọ́, ó ní láti wá a kiri fúnra rẹ̀. Wọ́n ń náwó sórí àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé káàkiri Kánádà, wọ́n sì ń mú ọmọ buwọ́ lu ìwé kan tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀mù C. Ọmọ tó bá ti buwọ́ lù ú ti di tiwọn. Kò lè bá ẹlòmíràn lọ.

Ẹ wo Boston. Fún ọdún mẹ́jọ gbáko, láti 1960 sí 1967, wọn kò wọ àṣekágbá. Àwọn awòye wọn ti rí ọmọ kan ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Parry Sound, ní Ontario, kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Bobby Orr ni. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń tu àwọn òbí rẹ̀ lójú bí ẹni tó ń tọrọ ìyàwó. Ní 1962, nígbà tó pé mẹ́rìnlá, ó buwọ́ lùwé. Owó tí wọ́n fún ìdílé náà kò tó nǹkan. Wọ́n sì bá wọn rẹ́ ara ilé wọn. Ọmọ náà dé Boston ní 1966. Ní 1970, ife dé. Ní 1972, ó tún dé. Àtúntò nìyẹn o, ṣùgbọ́n ìfìdírẹmi wọn kọ́ ló fún wọn ní Orr. Ẹsẹ̀ tí wọ́n rìn ló fún wọn.

Clarence Campbell, ààrẹ líìgì nígbà náà, fẹ́ fòpin sí ọmọ ríra yìí díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1963, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Montreal láti yan àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú. Draft ni wọ́n ń pè é, wọ́n jí i wò lára bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ti ń ṣe tirẹ̀ láti 1936. Ọmọ mọ́kànlélógún ni wọ́n yàn. Ẹni àkọ́kọ́ ni Garry Monahan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Montreal ló mú un. Nínú gbogbo wọn, márùn-ún péré ló padà gbá họ́kì ní NHL, nítorí àwọn ọmọ gidi ti wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù C.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Draft àkọ́kọ́ yẹn kò fún ẹni tó kẹ́yìn ní àǹfààní kankan. Àyípoyípo ni wọ́n ń ṣe é bí èsúsú: Montreal kọ́kọ́ mú lọ́dún yìí, Detroit kọ́kọ́ mú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá fi ipò tí olúkúlùkù wà lórí tábìlì ṣe òdiwọ̀n, tí wọ́n sì yí tábìlì náà délẹ̀: ẹni ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Nígbà tó fi di 1969, ìgbọ̀wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọdé ti kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ọmọ tó bá ti tó ọjọ́ orí ti di ti draft. Ọdún yẹn ni mo fi ń ka ọjọ́ orí ìbéèrè náà.

Ẹgbẹ́ àgbà ìkẹyìn tó jẹ ayé àtijọ́ wà nílẹ̀ kí ọdún yẹn tó pé. Toronto ni, ọdún 1967. Johnny Bower tó ń ṣọ́ ilé wọn ti pé méjìlélógójì. Terry Sawchuk tí wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ náà jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Allan Stanley jẹ́ mọ́kànlélógójì, Red Kelly mọ́kàndínlógójì. Àwọn bàbá wọ̀nyí gba ife lọ́wọ́ Montreal ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Toronto kò tíì tún gbà á láti ìgbà náà. Ìtàn yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń dẹ́rù bà mí: "Bàbá, ẹ wo ohun tó ṣe wọ́n!" Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ṣe wọ́n. Àwọn olówó ẹgbẹ́ náà ta ẹgbẹ́ kéékèèké méjì tí wọ́n ti ń tọ́ òṣèré, ní Rochester àti Victoria. Lọ́dún kan náà, NHL di ẹgbẹ́ méjìlá, àwọn tuntun sì wá ṣa lára àwọn ti àtijọ́. Los Angeles mú Sawchuk lọ, Kelly sì lọ ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá fún wọn. Ẹni tó jẹ iṣu tó tún jẹ èbù, kò yẹ kó máa fi ẹjọ́ sun ilẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ ohun tí draft lè ṣe dáadáa kò fìdí rẹmi rárá. Sam Pollock ni, ọ̀gá àgbà Montreal láti 1964. Ó rí i pé àwọn ẹgbẹ́ tuntun ń kánjú, wọ́n ń fẹ́ òṣèré tó lè gbá họ́kì lónìí kí ìlú lè wá wòran. Ó ń fún wọn ní àwọn tó ti kún jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gba ànfààní draft ọjọ́ iwájú lọ́wọ́ wọn. Ní 1970, ó gba ànfààní àkọ́kọ́ ti ọdún 1971 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ California. Ó ti mọ̀ pé Guy Lafleur, ọmọ Quebec, ń bọ̀ lọ́dún náà. Ewu kan ṣoṣo ló kù: bí Los Angeles bá lọ kẹ́yìn dípò California ńkọ́? Ní oṣù kìíní 1971, Pollock fi Ralph Backstrom, àgbà òṣèré rẹ̀, ránṣẹ́ sí Los Angeles. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé torí kí ara wọn lè le díẹ̀ ni. California kẹ́yìn. Montreal gba ife lọ́dún 1971 yẹn kan náà, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún mú Lafleur, òun ló sì bá wọn gba ife márùn-ún, mẹ́rin nínú rẹ̀ ní títẹ̀lé ara wọn láti 1976 sí 1979. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó gbin tuntun sábẹ́ òjìji igi àtijọ́, kò sì bẹ́ igi kankan tí kò tíì rí ẹni rà á.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní ọgbọ́n yẹn. Ní 1984, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mario Lemieux, ti gbá góòlù 133 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 70 ní ìlú Laval. Pittsburgh àti New Jersey ló wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì. Ní oṣù kẹta, Pittsburgh ta Randy Carlyle, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yìn tó dára jù ní líìgì. Wọ́n dá kípà wọn, Roberto Romano, padà sí ẹgbẹ́ kékeré, wọ́n fi ẹni tí kò tó o síbẹ̀. Wọ́n parí pẹ̀lú máàkì 38, New Jersey ní 41. Lemieux di tiwọn, ó gba ife fún wọn ní 1991 àti 1992. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ń pariwo, mo máa ń rán an létí pé ilé tó ń gbé nínú rẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìpilẹ̀ ìwà náà.

Ìtìjú dé ní 1993. Ottawa àti San Jose jọ ní máàkì 24, àmọ́ Ottawa borí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, San Jose lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, nítorí náà Ottawa ló kọ́kọ́ mú. Ọ̀rọ̀ kan tí olórí ẹgbẹ́ Ottawa sọ mú kí wọ́n fura sí wọn. Líìgì ṣe ìwádìí, kò rí ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, síbẹ̀ ó bu ìtanràn 100,000 dọ́là lé wọn lórí nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu náà. Ọmọ tí wọ́n mú, Alexandre Daigle, kò sì tó ohun tí wọ́n pè é. Chris Pronger tó tẹ̀ lé e ló di ìràwọ̀. Láti 1995, wọ́n ti ń fi tẹ́tẹ́ pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ mú, kí ẹni ìsàlẹ̀ má baà ní ìdánilójú mọ́.

Tẹ́tẹ́ náà kò dá wọn dúró. Ní 2015, àwọn olólùfẹ́ Buffalo hó yèè nínú pápá tiwọn fúnra wọn nígbà tí Arizona gbá góòlù tó borí wọn, torí Connor McDavid, ọ̀dọ́ tí gbogbo ènìyàn ń retí nínú draft ọdún náà, ni wọ́n ń fẹ́. Buffalo kẹ́yìn. Tẹ́tẹ́ já mọ́ Edmonton lọ́wọ́. Jack Eichel tí Buffalo mú padà lọ sí Las Vegas, ibẹ̀ ló ti gba ife ní 2023, nígbà tí Buffalo kò wọ àṣekágbá kankan láti 2012 títí dé 2025.

Ohun kan tún fi iyọ̀ sí i. Líìgì fagi lé sáà 2004–05 pátápátá nítorí ìjà owó oṣù, nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ti fi òdiwọ̀n sórí owó tí ẹgbẹ́ kan lè san: mílíọ̀nù 39 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, owó tí o bá fi ń tọ́jú àgbà, lára owó ọ̀dọ́ lo ti yọ ọ́. Òfin ìgbà náà tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ti pé márùndínlógójì kí àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bó bá fẹ̀yìn tì, owó rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹgbẹ́. Detroit tó ti wọ àṣekágbá fún ọdún 25 láìsinmi, láti 1991 sí 2016, tí wọn ò sì tú ilé ká rí, wà nínú àwọn tí ó dé bá. Àwọn tó gbé wọn dúró, Pavel Datsyuk tí wọ́n mú sí ipò 171 nínú draft 1998 àti Henrik Zetterberg tí wọ́n mú sí ipò 210 ní 1999, kì í ṣe èrè ìfìdírẹmi. Nígbà tí irú wọn tán, ọdún mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé e kò rí wọn níbẹ̀.

Crosby fúnra rẹ̀, tẹ́tẹ́ ló gbé e wá. Bí kò ti sí sáà ní 2004–05, gbogbo ẹgbẹ́ 30 ni wọ́n fi orúkọ wọn sínú rẹ̀ ní 2005, Pittsburgh ló já mọ́ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá, mo ka gbogbo èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní Pollock ti kú, ayé ti yí, ẹ̀tàn yẹn kò lè jọ mọ́, kí wọ́n tà wọ́n ni ó dára. Mo ní ó dáa, ṣé ó lè wo Crosby nínú aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn? Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ló bá bi mí pé kí ni a wá ṣe sí kajú náà.

Mo ní a ti bẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sódò.