Bí A Ṣe Ń Wọn Àṣeyọrí Àjọṣe Ìwádìí: Àpẹẹrẹ Ààrò Ẹja ní Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò bá pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń kà lópin ọdún ni iye ìpàdé, iye àpilẹ̀kọ àti iye owó tí wọ́n ná. Àwọn wọ̀nyí rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bóyá àjọṣe náà bí ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kì bá tí lè dá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú Ẹ̀pẹ́ wò. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà níbẹ̀, ọjà ẹja Olúwo wà níbẹ̀, a kò sì ní wá jórinjórin tì. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá fẹ́ ṣe ààrò tuntun tí wọn yóò máa fi yan ẹja, kí wọ́n tó jó irin kankan ni ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sí ìdí ààrò àtijọ́, kí ó wọn igi kí wọ́n tó dáná, kí ó wọn ẹja ní tútù, kí ó sì tún un wọ̀n nígbà tó bá gbẹ. Omi ló kó nǹkan bí ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹja tútù, nítorí náà bí a bá fi ohun tó dín lára ẹja wé igi tó jóná, a ó mọ iye igi tí kílò omi kan gbà. Láìsí àkọsílẹ̀ yìí, kò sí ohun tí a ó fi ààrò tuntun wé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Ní ti ibi tí iṣẹ́ dé, òṣùwọ̀n tí NASA, àjọ ìwádìí òfurufú ti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ó ní ìpele 9 lónìí, láti orí èrò lásán títí dé orí ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ṣe é fún. Ààrò tó yan ẹja dáadáa nínú ọgbà yunifásítì ṣì wà ní agbedeméjì. Ìgbà tí ẹlẹ́ja bá fi yan ẹrù ọjà lásìkò òjò, pẹ̀lú igi tí kò gbẹ tán, ló ń sún mọ́ òkè.

Àjọṣe fúnra rẹ̀ náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Àpilẹ̀kọ ni olùkọ́ ń wá, iṣẹ́ ni jórinjórin ń wá, ti ìyá ẹlẹ́ja kò ju kí owó igi dínkù, kí èéfín sì yé ta á lójú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè: ṣé àbájáde ń dé ọ̀dọ̀ rẹ lásìkò? Ṣé wọ́n yí nǹkan padà lára ààrò nítorí ọ̀rọ̀ tí o sọ? Èmi ka ìkejì sí jù, nítorí àyípadà tó ti ẹnu ẹlẹ́ja wá ṣeé fọwọ́ tọ́ lára irin.

Àbájáde tó jọjú sábà máa ń dé lẹ́yìn tí owó ìwádìí bá ti tán. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún àbẹ̀wò lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, láti wò bóyá wọ́n ṣì ń dáná sí ààrò náà, àti bóyá jórinjórin ti rí ẹlòmíràn tó fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn.