Béta MariaDB lẹ́gbẹ̀ẹ́ MySQL lórí Windows

Béta ni ẹ̀dà sọ́fítíwíà tí àwọn tó ń kọ ọ́ kò tíì fọwọ́ sọ̀yà fún. Wọ́n gbé e síta kí ẹni tó bá yá lára lè dán an wò, kó sì sọ ibi tó ti ń ṣe ségesège. Ó lè jẹ́ alpha, preview tàbí RC (release candidate, èyí tó kù díẹ̀ kó parí) ni wọ́n kọ sí i lára. Gbogbo wọn ń sọ pé iṣẹ́ ṣì kù. Ìgbà tó bá di GA (general availability, ẹ̀dà tó ti parí) ni wọ́n tó ní kí èèyàn gbé iṣẹ́ gidi lé e.

MySQL àti MariaDB jẹ́ ètò tó ń tọ́jú dátà sínú dátábéèsì. Ẹni tó ń lo MySQL lójoojúmọ́ lè fẹ́ gbé béta MariaDB sórí kọ̀ǹpútà kan náà, kó fojú ara rẹ̀ wo èyí tó yá jù. Ká ní PostgreSQL, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, ni, ìjà kò ní pọ̀, nítorí port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 5432 ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni MySQL àti MariaDB. Michael Widenius, ọmọ Finland, wà lára àwọn tó dá MySQL sílẹ̀ ní 1995. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Oracle fẹ́ ra ilé iṣẹ́ Sun, tó ni MySQL nígbà yẹn, Widenius mú kóòdù náà, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ MariaDB ní 2009. (My lorúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, Maria ni àbúrò.) Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń du port 3306, tí fáìlì ètò àwọn méjèèjì sì ń jẹ́ my.ini.

Port ni nọ́ńbà tí sáfà (ètò tó ń dá àwọn ètò mìíràn lóhùn) fi ń dúró de àwọn tó ń pè é, bíi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà. Bí MySQL bá ti wà lórí 3306, MariaDB kò ní gbéra. Nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ lo ti máa rí i tó ń béèrè bóyá mysqld (orúkọ ètò sáfà náà) mìíràn ti wà níbẹ̀. Ìyẹn kò le: kọ 3307 nígbà tí ètò ìfisórí MariaDB bá ń béèrè port. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, tẹ `netstat -ano | findstr 3306`; nọ́ńbà ètò tó jókòó síbẹ̀ á jáde, Task Manager á sì sọ orúkọ rẹ̀. Má jẹ́ kí XAMPP, àkójọ ètò tí àwọn tó ń kọ ìkànnì máa ń lò, tàn ọ́ o. MySQL ló kọ sójú pánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n láti 2015 MariaDB ló wà nínú rẹ̀.

Service náà, ìyẹn bí Windows ṣe ń mú sáfà ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ ní orúkọ tirẹ̀, bíi MariaDBBeta. Fi sí Manual, kó má dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má bàa máa jẹ mẹ́mórì rẹ nígbà tí o kò lò ó.

Fódà dátà ni èmi ń bẹ̀rù jù. Ìjà port máa ń pariwo, èyí kì í pariwo. Béta lè yí bí wọ́n ṣe ń to fáìlì padà, kí sáfà àtijọ́ má sì lè kà á mọ́, kò sì sí ọ̀nà àbọ̀. Nítorí náà, bí ètò ìfisórí MariaDB bá rí dátábéèsì kan nílẹ̀, tó ní ṣé kí òun sọ ọ́ di tuntun, má gbà. Ní kó dá òmíràn sílẹ̀. Má sì tọ́ka béta sí ohunkóhun tó wà lábẹ́ C:\ProgramData\MySQL láéláé. Bó bá jẹ́ pé dátà rẹ gan-an lo fẹ́ fi dán an wò, fi mysqldump kó ẹ̀dà rẹ̀ jáde, kí o wá dà á sínú MariaDB. Ibẹ̀ náà ní tirẹ̀: utf8mb4_0900_ai_ci ni collation (òfin bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wéra) tí MySQL 8.0 máa ń lò bí èèyàn kò bá yan òmíràn, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà MariaDB kò sì mọ̀ ọ́n rí. Fi utf8mb4_unicode_ci rọ́pò rẹ̀ nínú fáìlì náà, á wọlé.

Tí àwọn méjèèjì bá ti ń ṣiṣẹ́, `mysql -h 127.0.0.1 -P 3307 -u root -p` ló máa gbé ọ dé ọ̀dọ̀ béta. P ńlá ni ti port, p kékeré ni ti pásíwọ̀ọ̀dù. Bí o bá gbàgbé P ńlá yẹn, ọ̀dọ̀ MySQL lo máa bá ara rẹ, ojú kò sì ní tètè já a. Kọ́kọ́ tẹ `SELECT VERSION();` kí o tó pa ohunkóhun rẹ́: bí o kò bá rí MariaDB nínú èsì rẹ̀, dátà iṣẹ́ rẹ lo dúró lé lórí.