Oúnjẹ àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lára àgbàlagbà tó ní cystic fibrosis

Cystic fibrosis jẹ́ àìsàn àjogúnbá tí ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti àwọn omi mìíràn nínú ara ki. Bíi ti fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tó bá jogún jíìnì tó lábùkù lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń ní i. CFTR ni orúkọ jíìnì náà. Ọdún 1989 ni wọ́n rí i. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ Áfíríkà, àmọ́ kò ṣàìsí.

Páńkíríásì, tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, ló ń tú ẹ́ńsáìmù tí ń da ọ̀rá inú oúnjẹ. Lára bí ẹni 85 nínú 100 tó ní àìsàn náà, ọ̀nà ẹ́ńsáìmù yìí ti dí. Ọ̀rá kì í dà, ó ń bá ìgbẹ́ lọ. Òróòro náà ń bá a lọ, ẹ̀dọ̀ á sì máa fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù láti fi ṣe òmíràn. Ìdí rèé tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹ̀jẹ̀ wọn fi sábà máa ń lọ sílẹ̀, àti irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LDL, tí ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, àti HDL tí ń gbá a mọ́. Triglyceride, irú ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ní tirẹ̀ a máa ga lára àwọn kan.

Nígbà kan, àwọn oníṣègùn a máa ní kí wọ́n yẹra fún ọ̀rá, kí inú má baà dà wọ́n láàmú. Ilé ìwòsàn kan ní Toronto, ní Kánádà, kò gba ọ̀nà yẹn: wọ́n ní kí aláìsàn jẹ ọ̀rá dáadáa, kó sì fi ẹ́ńsáìmù púpọ̀ tì í. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ti Boston ní Amẹ́ríkà, tí kì í jẹ ọ̀rá púpọ̀, lọ́dún 1988, àárín gbùngbùn ọjọ́ ayé àwọn ti Toronto jẹ́ ọdún 30, ti Boston jẹ́ 21. Ìmọ̀ràn wá yí padà: kí ọ̀rá kó 35 sí 40 nínú 100 agbára tí ń wá látinú oúnjẹ.

Ní Òṣogbo, ìmọ̀ràn yìí tako ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru: dín iyọ̀ kù, dín epo kù, fi sàkì àti abọ́dì sílẹ̀. Òógùn ẹni tó ní cystic fibrosis ń gbé iyọ̀ lọ ju ti ẹlòmíràn (iyọ̀ òógùn yìí gan-an ni wọ́n fi ń dá àìsàn náà mọ̀), nítorí náà oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn lè fa iyọ̀ ara rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀pà, ègúsí, ẹja títùs, ẹyin àti wàrà, gbogbo ohun tí kò ṣòro rí lọ́jà, dára fún un. Epo pupa ní èròjà fítámì A, tí àwọn aláìsàn yìí sábà máa ń ṣaláìní pẹ̀lú D, E àti K. Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, torí èso igi ni. Àmọ́ bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì, èyí tí ń gbé LDL sókè.

Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje pàápàá kò ní ṣe wọ́n lóore tó bí wọn kò bá gbé kápúsù ẹ́ńsáìmù mì pẹ̀lú rẹ̀. Láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un jáde, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí dókítà sọ ṣáájú nílùú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ àlùfáà gbà á láàyè níbi tí kò bá ti sí àrọ́pò.

Oògùn ivacaftor, tí ń tún àbùkù iṣẹ́ CFTR ṣe, dé ní 2012, àkópọ̀ elexacaftor, tezacaftor àti ivacaftor sì tẹ̀ lé e ní 2019. Wọ́n wọ́n gan-an, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo irú àbùkù jíìnì náà. Àwọn tó ń lò ó ń sanra, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ń gòkè, wọ́n sì ń dé ọjọ́ orí tí àìsàn ọkàn ti wọ́pọ̀. Ẹni tó ṣì rù kò gbọ́dọ̀ dín ọ̀rá kù. Ẹni tó ti ń sanra lè fi òróró ẹ̀pà rọ́pò díẹ̀ nínú epo pupa, kó sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.